Ìkòkò Tábà Kì í Gbàgbé

Ọkọ ìyàwó kan ló jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ wa láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Apá ọ̀tún orí ti mọ́ tónítóní, irun apá òsì ṣì wà níbẹ̀ pátápátá. Bí onígbàjámọ̀ náà, tó ti di olóògbé báyìí, ṣe yíjú láti pọ́n abẹ ni ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó rí ìkòkò tábà mẹ́ta lórí pẹpẹ. Ó fẹ́ ṣe bàbá lóore. Ó bá ki tábà tirẹ̀, èyí tó ń ta sánsán bíi míńtì, sínú ọ̀kan, ó ṣáná sí i, ó sì gbé e fún un. Olóògbé fà á lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé abẹ kalẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà. Mo ní kí n fi tù yín lára ni."

"O ti pa mí! Tábà dúdú nìkan ni ìkòkò yìí mọ̀ láyé. O ti kọ́ ọ ní ìranù!"

Ó gbọn tábà náà dànù, ó rọ iyọ̀ sínú ìkòkò, ó ń kán ọtí líle sórí iyọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó sì fa àga kan jókòó tì í kí iyọ̀ lè fa míńtì jáde lójú rẹ̀. Ọkọ ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, orí mi ńkọ́? Ìyàwó mi ti ń dúró."

"Jẹ́ kó dúró. Irun rẹ, bí mo fá a, bí mi ò fá a, á tún hù. Ìkòkò yìí, bó bá ti bàjẹ́, kò ní hù mọ́."

Títí dòní, nínú fọ́tò ìgbéyàwó náà, ọkọ ìyàwó fa fìlà bo etí òsì, ó sì ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pa á jẹ.

Bàbá Kì-í-Gbàgbé la máa ń pe olóògbé, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ìkòkò tábà kì í gbàgbé." Ó ní ohun tí èèyàn bá ti mu nínú rẹ̀ ti wọnú igi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ lọ nìyẹn, yóò sì máa yọjú sí èyí tó bá tẹ̀lé e. Nítorí náà, ìkòkò kan wà fún tábà dúdú, òmíràn wà fún èyí tó ń run bí èso, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ti àlejò, torí kò sí ohun tí àlejò kò lè ki sínú nǹkan. Bó bá di dandan kí ìkòkò kan pààrọ̀ tábà, á ha èédú inú rẹ̀, á fi iyọ̀ àti ọtí fọ̀ ọ́, á jẹ́ kó sinmi, á wá máa mu tábà fẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ títí tí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Bí o bá ní kó yára, á ní, "Ìwọ gan-an, bí wọ́n bá lé ọ kúrò nílé kan, ṣé ọjọ́ kejì náà lo máa gbàgbé onílé?"

Ìyàwó rẹ̀ lọ̀rọ̀ náà dé bá jù. Obìnrin yìí kò fẹ́ kí èéfín wọ yàrá òun, ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù lọkọ rẹ̀ ti ń mu tábà. Síbẹ̀, bó bá fún un ní tíì nínú ife tí wọ́n ti mu kọfí rí, ṣe ni yóò dá a padà. Lọ́jọ́ kan ó ti ilé àbúrò rẹ̀ dé, ó ní ebi ń pa òun, òun kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó fa imú lẹ́ẹ̀kan.

"Baba wọn, ẹja díndín ni. Ẹnu náà kì í gbàgbé."

Wọ́n ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò. Síbẹ̀ ó bu oúnjẹ fún un, ọkọ rẹ̀ sì jẹ oúnjẹ kejì yẹn tán.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ìkòkò kan ṣoṣo ni télọ̀ ní, gbogbo tábà tó bá rí ló ń ki sí i.

"Ìkòkò rẹ yẹn, ibùdókọ̀ ni," Bàbá Kì-í-Gbàgbé á wí. "Kò sẹ́ni tí kì í wọ̀ ọ́."

"Ìwọ tó ń bá igi sọ̀rọ̀ lo ń bú mi?"

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà, ojoojúmọ́ ni wọ́n jọ ń jẹun. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Télọ̀ á yá ìkòkò òfìfo kiri lọ́wọ́ àwọn èèyàn, á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, olóògbé á gbé e símú, á sì sọ tábà tí wọ́n mu nínú rẹ̀ kẹ́yìn. Kì í ṣì í. Àwọn kan wà tí orí wọn kò tíì tó fá tí wọ́n á wá fá a, nítorí ìran yìí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀fìnkìn kan mú un. Nígbà tí ọ̀fìnkìn ń lọ, ó gbé òórùn gbogbo lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Onígbàjámọ̀ tí imú rẹ̀ kú ṣì lè fá orí, ṣùgbọ́n Bàbá Kì-í-Gbàgbé láìsí imú, kí ló kù? Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ tí oúnjẹ jóná lórí sítóòfù, tó sáré wọlé, tó bá ọkọ rẹ̀ tó jókòó tì í, tó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ìyá wọn, oúnjẹ yìí á dùn o."

Obìnrin náà pa sítóòfù. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn, àmọ́ kò sọ ọ́ síta.

Kò pẹ́, télọ̀ tún gbé ìkòkò kan dé nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́.

"Ọ̀rẹ́, bó o bá mọ tábà inú èyí, mo máa ra ìkòkò kejì. Bó o bá ṣì í, tábà tèmi lo máa ki sínú ìkòkò tábà dúdú rẹ yẹn, lójú gbogbo wa."

Wọ́n pariwo. Olóògbé gbé ìkòkò símú. Kò gbọ́ òórùn kankan. Ó tún fà á símú, ó dijú. A rò pé eré ló ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ti ẹ̀yìn kọ́tìnì yọ tòun ti ìgbálẹ̀.

"Ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ n nu ìdọ̀tí ara rẹ̀." Ó fi etí aṣọ nù ún, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ó dá a padà. "Ẹ tètè dá a lóhùn o, Baba wọn. Ẹ má tún fi ìdajì orí rán ọkọ ìyàwó ẹlòmíì lọ."

Olóògbé wò ó títí.

"Míńtì ni," ó wí.

Ariwo sọ. Télọ̀ la ẹnu, ó pa á dé, ó sì lọ ra ìkòkò kejì.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" olóògbé bi ìyàwó rẹ̀ nígbà tó ku àwọn méjèèjì.

"Ìgbà tẹ́ ẹ ní èédú á dùn."

Láti ọjọ́ náà, obìnrin tí kò fẹ́ èéfín ló ń gbóòórùn gbogbo ìkòkò fún ọkọ rẹ̀, lábẹ́ aṣọ, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, télọ̀ wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà.

"Ìyàwó mi, ìkòkò tábà dúdú rẹ̀ ni mo wá tọrọ."

"Kí lẹ fẹ́ ki sínú rẹ̀?"

"Mi ò ní ki nǹkan kan sí i. Mo kàn fẹ́ máa gbé e símú ni."

Obìnrin náà gbé e fún un, ṣùgbọ́n kò tíì fi í sílẹ̀. "Bí ẹ bá fi tábà yín yẹn sí i pẹ́nrẹ́n, mo máa mọ̀ o."

"Mo mọ̀ pé wàá mọ̀. Ṣebí ìwọ lo gbóòórùn míńtì lọ́jọ́ náà."

Ọwọ́ obìnrin náà tú lára ìkòkò. "Ẹ rí mi?"

"Mo rí ọ."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

Télọ̀ gbé ìkòkò símú, ó fà á símú dáadáa kó tó dáhùn.

"Bí mo bá sọ ọ́, ta ni mo fẹ́ rí bá jà láàárọ̀ ọjọ́ kejì?"