Eyín Inú Òkúta àti Omi Ọsàn Wẹ́wẹ́

Ọdún tí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí pa nítorí àìsàn, tí kálukú kírun Iléyá nínú àgbàlá ilé rẹ̀, ọdún kejì sí ìgbà náà ni àbúrò mi ti Sókótó dé. Mi ò kàwé, mi ò lè dárúkọ ọdún bí ẹ̀yin ṣe ń dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò lè rú mọ́ mi lójú. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni. Ọlọ́kadà já a sẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìlá. Báàgì aṣọ kan péré ni wọ́n so sẹ́yìn ọ̀kadà, àpótí pákó kan sì wà lórí itan rẹ̀, ó dì í mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Láti Ọ̀tan Ayégbajú ló ti gbé e bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n so ó. Kó tó kí mi tán, ikọ́ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ni mo tọ́ ọ. Ìyá wa kú nígbà tí eyín ọmọdé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, èmi tí mo ti wà nílé ọkọ ni mo mú un sọ́dọ̀. Eyín tó bá yọ, èmi ni mo ń bá a ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tó máa kó mọ́ ọn jù sórí òrùlé kí tuntun lè hù. Mo sì kọ́ ọ pé bí alángbá bá ń kọjá, kó pa ẹnu dé, nítorí bí alángbá bá rí àlàfo ẹnu ọmọ, eyín ibẹ̀ kò ní hù mọ́. Ó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ débi pé ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu tó bá ń jẹun níta.

Nígbà tó dàgbà, ó bá àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù lọ sí òkè Ọya, ó sì jókòó síbẹ̀. Ó di awakọ̀ fún àwọn olùkọ́ yunifásítì kan tí wọ́n ń wá egungun àtijọ́ nínú ilẹ̀. Wọ́n á lọ sí igbó gbígbẹ tí kò sí igi, wọ́n á máa tẹ̀ lórí òkúta láti àárọ̀. Òun náà kì í jókòó sínú ọkọ̀ dè wọ́n, ó ń bá wọn wá a. Ojú rẹ̀ ń rí ohun tí tiwọn kò rí. Bí wọ́n ṣe fi abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́ nìyẹn, ó sì di ẹni tó ń yọ eyín kúrò nínú òkúta fún wọn. Ọdún tó lò nídìí iṣẹ́ náà pọ̀. Eruku òkúta yẹn ni mo rò pé ó wọ̀ ọ́ láyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà pe àìsàn rẹ̀ ní nǹkan mìíràn.

Nígbà tó ṣí àpótí fún mi, òwú funfun ni mo kọ́kọ́ rí. Eyín wà nínú òwú kọ̀ọ̀kan, dúdú, òmíràn bí àwọ̀ oyin, ẹnu wọn ṣóńṣó. Mo bi í pé eyín kí ni. Ó ní ẹran omi kan ni, tó gbé láyé kí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ èèyàn, ó dà bí awọ́nríwọ́n ṣùgbọ́n ó gùn ju ọkọ̀ akérò lọ. Ó ní gbogbo ẹ̀bá Sókótó tí àwọn ti ń ṣa á, òkun ni nígbà náà. Mo ní òkun ní Sókótó, níbi tí wọ́n ti ń ra omi mu?

"Ẹ ò gbà á gbọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo gbà pé Ọlọ́run lè gbé òkun síbi tó bá wù ú. Èyí tí mi ò gbà ni pé ìwọ lo rí eyín nínú yanrìn, ìwọ tí o kì í rí ẹran inú ọbẹ̀ àfi tí wọ́n bá nàka sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Alángbá tí ẹ fi ń dẹ́rù bà mí, ìyá ńlá rẹ̀ nìyí. Òun ló wá ń la ẹnu hàn mí báyìí."

Ìwé pélébé kan wà pẹ̀lú eyín kọ̀ọ̀kan. Ó ní wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n ti rí i sí i, àti ẹni tó rí i, àti ẹni tó fọ̀ ọ́ mọ́. Ó ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń kọ ìwé ńlá, orúkọ tiwọn ló ń wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé pélébé yìí ni tòun. Àbúrò mi kò bímọ. Ó ní bí òun bá kú, ẹni tó bá ṣí àpótí náà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún yóò mọ̀ pé òun wà láyé rí, òun sì mọ iṣẹ́.

Ọ̀kan wà tí kò tíì parí. Inú òkúta tó tó ìkúùkù ọwọ́ ló wà, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló yọ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i. Ó ní àwọn eyín yòókù ti kán ní ọrùn, pé gbòǹgbò eyín kì í sábà bá a wá, ṣùgbọ́n eléyìí gbòǹgbò rẹ̀ pé pérépéré nínú òkúta yẹn, irú rẹ̀ kò sì sí nínú gbogbo ohun tí wọ́n ní nílé ẹ̀kọ́ náà. Wọn kò sì lè padà lọ wá òmíràn, àwọn ajínigbé ti gba igbó ibẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló gbà á láyè kó gbé e wálé, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè yọ ọ́. Ọ̀gá náà yóò wá mú un kí oṣù tó parí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ àbúrò mi ti ń gbọ̀n. Ó mú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sílẹ̀. Ó wo ìka mi. Mo ti dirun títí orí àwọn tí mo dì fún fi hewú, mo mọ bí a ṣe ń la irun tín-ínrín láìfi ìlàrun gún ọmọ lórí. Bó ṣe kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn. A rán àpò kékeré, a kó yanrìn sí i, ó rí bí òṣùká, a gbé òkúta náà lé e kó má yí. Mo máa ń kán omi kan sí i, mo máa ń fi abẹ́rẹ́ fá a, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá a. Bí ó bá sán níbì kan, yóò ní kí n fi gọ́ọ̀mù kùn ún kí n dúró. Ọjọ́ kan gbáko, ohun tí mo bá fá kúrò kò tó iyọ̀ tí wọ́n ń bù sọ́bẹ̀. Mo ní òkúta rẹ̀ yìí mà le.

Ó ní, "Ẹ má fipá mú un. Òkúta kọ́ nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n, ìkarahun ni. Ìkarahun àwọn nǹkan inú òkun ló lọ́ kúnná, tó ṣù pọ̀, tó gan."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ́kàn lọ.

Ní àsìkò kan náà, mò ń ṣe oògùn ikọ́ fún un, irú èyí tí ìyá wa ń ṣe. Èèyàn á fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, á ki ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ bọ̀ ọ́ láìfọ́ ọ. Omi náà á máa hó wúyẹ́wúyẹ́ lára ẹyin. Tó bá di ọjọ́ kẹta, èèpo ti yọ́ tán, ẹyin inú á wà níbẹ̀ ní odidi, rọ̀gbọ̀dọ̀. Wọ́n á wá fi oyin pò ó. Mo ń wo ẹyin yẹn lójoojúmọ́ lórí fèrèsé. Mo ń wo èèpo rẹ̀ tó ń lọ láìsí abẹ́rẹ́, láìsí wàhálà.

Ìgbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí ọ̀gá rẹ̀ dé, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Kò lè jókòó ti iṣẹ́ mọ́. Ìdajì òkúta ṣì wà lára eyín náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò kú kó tó rí i. Mo rò ó pé bí òkúta yìí bá jẹ́ ìkarahun, òun ni èèpo, eyín ni ẹyin. Mi ò bi í. Ká ní mo bi í ni, yóò ti sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó la ojú kó bá a ní ṣíṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì, nígbà tí oògùn gbé e sùn, mo ki eyín náà sínú ìgò omi ọsàn, mo gbé e sẹ́yìn ìkòkò omi.

Ó hó. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì, òkúta ti di bí ògì. Mo da omi náà nù díẹ̀díẹ̀, ṣóńṣó eyín yọ, ó mọ́. Mo na ọwọ́ sí gbòǹgbò rẹ̀ láti gbé e, ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹfun tó ti mu omi. Mo ní kí n kó o jọ, kò ṣeé kó jọ. Ṣóńṣó tó kù náà, dídán ara rẹ̀ ti lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Nígbà tí mo dìde, mo gbé e tọ̀ ọ́ lọ lórí àwo. Ó wò ó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

"Kí lẹ fi sí i?"

"Omi ọsàn wẹ́wẹ́."

"Bíi ti ẹyin?"

"Bíi ti ẹyin."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ló bá jáde. Nígbà tí ikọ́ náà dá, ó ní kí n gbé bírò àti ìwé pélébé kan fún òun. Ó pẹ́ lórí ìwé náà. Mo dúró tì í. Mi ò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń kọ. Mo ṣáà mọ̀ pé èmi ni. Mo ń rí i bí wọ́n á ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, tí wọ́n á máa kà á lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún pé arúgbó kan ní Ìlá, aláìmọ̀kan, fi omi ọsàn ba nǹkan ńlá jẹ́.

Mo ní, "Ṣé dandan ni kó wà níbẹ̀?"

Ó ní, "Dandan ni. Ohun tó bá ṣe é, a máa ń kọ ọ́. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní láti mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo sọ ọ́ sínú pé èmi tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́, èmi ni o fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ayé kà. Láti ọjọ́ náà, mi ò bá a jókòó mọ́. Mò ń gbọ́únjẹ fún un, mò ń fọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, mo ti yí padà. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó díẹ̀." Mo ní ìkòkò wà lórí iná. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Àárọ̀ ọjọ́ Tàláátà ló kú, kí oòrùn tó mú. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì forí jì í. A sin ín lọ́jọ́ náà kí ìrun ọ̀sán tó wọlé.

Wọ́n ti fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó dúró di ìgbà tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ kó tó wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó kí mi kú ìrọ́jú, kò tètè béèrè àpótí. Nígbà tí mo gbé e fún un, ó ń ṣí òwú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èyí tó wá nítorí rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó mú ìwé pélébé náà, ó kà á sínú. Mo ti múra sílẹ̀, mo ti tẹrí ba. Mo ní kó kà á síta fún mi. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá:

"Ó ní, 'Èmi ni mo rí eyín yìí. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, èmi náà ni mo sì fi omi kíkan ba gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́. Mo kánjú. Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́, tèmi ni.'"

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Màmá, gbogbo ọdún tí mo fi bá a ṣiṣẹ́, kò ba ọ̀kan jẹ́ rí. Kò tún sí ẹni tó fara balẹ̀ tó o. Ó dùn mí pé èyí ló fi kẹ́yìn."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo pa ẹnu dé bí ọmọ tí alángbá ń kọjá níwájú rẹ̀. Mo bá a gbé àpótí dé ìdí ọkọ̀. Mo dúró títí ọkọ̀ náà fi yà sọ́nà Ọ̀tan, mo ṣì pa ẹnu dé.

Ó di Iléyá kí àwọn ọmọ mi tó wálé láti Èkó àti Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n pín ẹran tán, mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, mo sì ṣí ọ̀rọ̀ eyín náà fún wọn. Àkọ́bí mi kọ́kọ́ ní kí n fi sílẹ̀, pé òkú ò gbọ́, pé eyín lásán ni. Títí di òní kò tíì sí ẹnì kan nínú wọn tó lọ jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán wọn, ọ̀nà Sókótó ń bà wọ́n lẹ́rù, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà nìyí. Mo ní:

"Àbúrò mi kò ba ọ̀kan jẹ́ rí. Èmi ni. Ẹni tó bá ráyè nínú yín, kó wá ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn rí, kí wọ́n kọ ìwé pélébé mìíràn, kí wọ́n fi orúkọ mi sí i. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ má ṣe dúró níbi ìsìnkú mi kí ẹ máa sọ pé mo tọ́jú àbúrò mi dójú ikú."