Ojú Tí Bàbá Fi Ń Wo Idà

Òórùn kànáfùrù ló máa ń kí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ní ìlú Padova lókè òkun, mo rò pé ẹnì kan ń se ọbẹ̀ ni, ọ̀fun mi sì ti ń dá tòlótòló. Àṣé òróró kànáfùrù ni Bàbá fi ń pa idà àtijọ́ àwọn ará Japan lára, kó má baà dípẹtà.

Bàbá ni mo ń pè wọ́n nínú ọkàn mi. Lẹ́nu, Professore ni. Òyìnbó ibẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wo idà, kí wọ́n sọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti bóyá ayédèrú ni. Láti Torino, láti Udine, àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ ń gbé e wá, pẹ̀lú irin róbótó tó máa ń wà láàárín èèkù àti ẹnu idà, tí wọ́n gbẹ́ ewé àti ẹyẹ sí. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Èmi badante, olùtọ́jú arúgbó, tí wọ́n gbà láti máa se oúnjẹ, ni wọ́n wá ń bi pé, “Kí lo rí?”

Ojú mi kì í kúkú ṣe ojú lásán. Ní fabbrica, ilé iṣẹ́ irin, ní Brescia, kí wọ́n tó dá wa dúró, iṣẹ́ mi ni kí n máa wá ibi tó sán lára irin.

Láàárọ̀ ìgbà òtútù, kùrukùru á bo fèrèsé. Mà á fi ẹnu há bébà fẹ́lẹ́, kí èémí mi má baà kan irin, mà á gbé idà sí ìmọ́lẹ̀. Ìlà funfun kan wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, bí èéfín àárọ̀ lórí odò. Bí mo bá tẹjú mọ́ ọn, n kì í mọ̀ bóyá mo sùn tàbí mo jí. Lẹ́yìn náà mà á yọ bébà lẹ́nu, mà á ròyìn. Bàbá á di ojú, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Inú mi máa ń dùn débi pé mo ń bẹ Ọlọ́run kó má ṣe dá mi padà sídìí irin Brescia.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá ní, “Lọ́la làwọn ará Torino ń bọ̀. Bí ojú rẹ bá tó, ìwọ ni màá máa fi wo nǹkan wọn.” Bàbá wá gbé idà ti ara wọn jáde kí n wò ó, èyí tí wọ́n rà nígbà èwe, tí wọn ò tà fẹ́nì kankan.

Nítòsí orí idà ni mo ti rí i. Ó sán, kò nípọn ju irun lọ. Nínú òwò yìí, idà tó bá ti sán lẹ́nu ti kú, kò níye lórí mọ́. Ta ló máa la irú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ àgbà tó dijú, tó ń rẹ́rìn-ín? Nílé wa, bí ìròyìn burúkú bá wà, ẹ jẹ́ kí Bàbá jẹun tán ná là ń wí.

“Ó pé, Professore. Kò lábùkù kankan.”

Bàbá wá ọwọ́ mi kàn, wọ́n mú èékánná àtàǹpàkò mi, wọ́n rọra fà á kọjá lórí irin. Èékánná náà kọ́ ibi tó sán.

“O ò rí i ni, àbí o rí i?”

“Mo rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kó dùn yín ni.”

“Ó ti dùn mí tán. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti mọ̀.”

Wọn ò lé mi, wọn ò gbóhùn sókè sí mi. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi rí ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń wá a rà, irọ́ ni mo gbé lọ síbẹ̀. Ó dùn mí wọ eegun. Nígbà tí àwọn ará Torino dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá kan, tó wá láti Udine, ló jókòó ti Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń bá wọn wo idà. Mo gbé kọfí wọlé. Bàbá dúpẹ́, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn bí mo bá ń jáde.