Bísí nìkan ni kò taka

Ta ló tiẹ̀ rán mi níṣẹ́ lónìí?

Gbólóhùn "if" ni mo ń kọ́ kíláàsì mi ní Festac tuntun yìí. Mo da àpẹẹrẹ kan kọ láti inú ìwé sójú pátákó: "If my father dies..." Mo ní kí wọ́n parí ẹ̀.

Gbogbo wọn fọwọ́ yí orí, wọ́n taka dànù: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Bísí nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́.

Inú bí mi. "Bísí, o ò fẹ́ràn bàbá ẹ ni?"

"Àǹtí, wọn ò jí láàárọ̀. Màámi ní kí n ṣáà lọ síléèwé, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹnu ọ̀nà wọn ní Kuje tó wà nítòsí Festac níbí la wà báyìí. Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì. Bísí di yẹ̀rì mi mú, kò fẹ́ wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa kanlẹ̀kùn?