"A Dúpẹ́" Ni Màmá Mi Fi Dá Dókítà Lóhùn

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní kílíníìkì ìdílé ológun.

Sójà ni àbúrò mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú màmá wa níbẹ̀. Òòyì ń kọ́ Màmá, àyà rẹ̀ ń já, kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kó má jókòó sinmi. Mo bá a wọ mọ́tò láti Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀rù ń bà mí kó má ṣubú sí mi lọ́wọ́.

Dókítà ológun tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, nọ́ọ̀sì kan ló ń ṣe ògbufọ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ara yín ńkọ́?"

"Ara le, ọmọ mi. A dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀ pé ara Màmá le, ó sì ń dúpẹ́. Inú dókítà dùn. Ó fún un ní fítámìn, ó ní kí ẹni tó kàn wọlé. Mo lanu, ó ní kí n jẹ́ kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ bá sójà jiyàn?

Níta, ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi sí ìdí bíbéèrè bí ìtọ́jú ṣe rí wá bá wa. Ṣé ó tẹ́ Màmá lọ́rùn?

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Ẹ ò ní kú léwe."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo ní, "Màmá, òòyì yín ńkọ́? Ẹ ò ṣe sọ ọ́?"

Ó wò mí bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. "Kíkí ló kí mi, mo sì dá a lóhùn. Ṣé èèyàn á máa ka àìsàn fún ẹni tó ń kí i ni? Kò tíì bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí. Jẹ́ á máa lọ ulé."

Ilé kẹ̀? Mo padà wọlé, mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kó dákun, kó má kí Màmá mọ́, kó kàn bi í ní ohun tó ń ṣe é. Ó bi í. Màmá bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà wo ẹ̀rọ, ó tún un wò, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní kò lè lọ sílé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, Màmá ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀, kò sinmi. Ọmọbìnrin yẹn tún dé: ṣé ìtọ́jú tẹ́ ẹ lọ́rùn?

"Rárá o. Wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ bí ẹni ń gúnyán. Ọbẹ̀ wọn ò níyọ̀. Wọn ò sì jẹ́ kí n sùn."

Ẹnu ya ọmọ náà. "Màmá, ẹ yìn wá lọ́jọ́sí."

"Lọ́jọ́sí kẹ̀? Ẹ ò tíì ṣe mí ní nǹkan kan nígbà yẹn."

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá gbé àgbàlagbà lọ sí ọsibítù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn kí i. Nílé tiyín ńkọ́, ta ni "a dúpẹ́" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rí? Ẹ wá sọ ọ́ síbí, ká gbọ́.