Bọ́tìnnì Tí Kò Nihò

Wá-Lọ́la ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ yìí. O gbé ṣòkòtò lọ pé kó bá ọ gé e lẹ́sẹ̀, yóò wojú rẹ, yóò rẹ́rìn-ín: “Wá lọ́la.” Kì í ṣe irọ́, òun náà gba ọ̀la gbọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi bà á tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó láti bọ́ bàtà, tí kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ìlẹ̀kùn bá gbá lójijì, Wá-Lọ́la á fọwọ́ di àyà mú. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin ń múra ìgbéyàwó, ohun kan ṣoṣo tó sì ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni kí òun rí ọmọ náà nínú aṣọ funfun tí òun fọwọ́ ara òun rán.

Aránbàtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló fọ̀nà hàn án. Àìsàn ọkàn ti dá aránbàtà náà wó rí, dókítà sì ní kó máa lo asipirín kékeré kan lójoojúmọ́.

“Oògùn ọkàn ni,” aránbàtà wí. “Èmi tẹ́ ẹ ti ń wá pósí fún, wò mí, mo le bí àtẹ́lẹ̀ bàtà tuntun!”

Ọkàn Wá-Lọ́la kò balẹ̀, oògùn ọkàn sì rèé. Kí ló tún kù? Ó ra tirẹ̀, ó dà á sínú agolo bọ́tìnnì kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí i, ó sì ń gbé e mì láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, bí ẹni pé Ọlọ́run nìkan kò tó.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ gún un lórí aṣọ ìyàwó náà. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe àlejò lọ́wọ́ télọ̀. Èèyàn á lá ìka, á máa báṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yìí kọ̀, kò dá. Kó tó fi àkísà wé e, ẹ̀kán kan ti bọ́ sí àyà aṣọ.

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé. “Ẹ jẹ́ ká fi bọ́tìnnì bò ó.” Ó da agolo sórí tábìlì, ó mú ọ̀kan, ó yí i síwá sẹ́yìn. “Bàbá wọn, bọ́tìnnì wo rèé tí kò nihò?”

“Ti òde òní ni.”

Obìnrin náà fi ahọ́n tọ́ ọ wò. “Ti òde òní yìí mà korò o! Ẹ dìde, ilé ìwòsàn yá.”

Dókítà, obìnrin kan tí kò ju ọmọ wọn lọ, wo asipirín inú agolo náà, ó bi í pé, “Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ọkàn yín ń ṣàìsàn?”

“Kò balẹ̀ ni.”

“Ọkàn tí kò balẹ̀ yàtọ̀ sí ọkàn tó ń ṣàìsàn, bàbá. Asipirín kì í mú ọkàn balẹ̀; ẹ̀jẹ̀ ni kì í jẹ́ kó tètè dì. Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti dí rí, ó lè gbà á lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí irú ẹ̀ kò ṣe rí, tí inú sì ń ta, ewu ẹ̀jẹ̀ tó lè máa dà nínú rẹ̀ ju àǹfààní lọ. Ṣé ìgbẹ́ yín dúdú?”

Wá-Lọ́la fẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyàwó rẹ̀. “Bí òwú tí mo fi ń rán ṣòkòtò.”

“Ẹ sì dákẹ́!” ìyàwó ké. “Ẹni tó fẹ́ rí ìgbéyàwó ọmọ ló ń da ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nù sí ṣalangá!”

Dókítà dá asipirín dúró, ó fún un ní oògùn inú, ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó máa rìn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì ní, “Èsì ò tíì jáde. Ẹ wá lọ́la.”

Ẹ̀rín gbé ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀.

Bí aránbàtà ti gbọ́, ó fẹ́ da tirẹ̀ sí gọ́tà. Ìyàwó Wá-Lọ́la di ọwọ́ rẹ̀ mú: “Ẹ má dán an wò! Dókítà ló fún yín, àyàfi tó bá ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Bàtà yín ni; ẹsẹ̀ ọkọ mi ni kò gbà á.”

Èsì jáde, ó dára. Ẹ̀jẹ̀ tó sọnù kò tíì pọ̀. Wá-Lọ́la padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi àgékù aṣọ náà ṣe òdòdó kékeré kan, ó rán an bo ojú ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì parí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé, tó ti kó ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu, bàbá na aṣọ sí i.

“Ó ti parí? Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?”

Oníbàárà kan yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣòkòtò lápá. Wá-Lọ́la wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

“Wá lọ́la.”

Ìyàwó rẹ̀ wojú ọ̀run, ó dúpẹ́. Ọkàn ọkọ rẹ̀ ti balẹ̀.