Ẹsẹ̀ Lára Ògiri

Ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán. Ẹsẹ̀ àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun nínú iyanrìn etí òkun, wọ́n ga ju èèyàn lọ nínú fídíò tí wọ́n tàn sára ògiri, wọ́n ń jó.

Ọlálérè dúró níwájú wọn, ó di fìlà mú, kò mọ ibi tó yẹ kó wò.

Ní gbogbo Ajah, òun ni wọ́n kọ́kọ́ rí tó gbé kámẹ́rà fídíò lé èjìká. Ìgbéyàwó. Ìsìnkú. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Láti Addo dé Ṣàngótẹ̀dó, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti àbàtà, ta ló gbéyàwó tí kò pè é? Àwọn òdòdó tó máa ń yí orúkọ ìyàwó po nínú fídíò, òun ló máa ń jókòó tì wọ́n títí ẹ̀yìn á fi máa dùn ún. Iṣẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúwadábírà, ọmọbìnrin tó ni ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà yìí ní Lẹ́kkí Phase 1, kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò, gbogbo ti ìyàwó ló dá padà. Ẹsẹ̀ ló mú. Ó ní aṣáájú ni Bàbá nínú fífi fídíò ṣe iṣẹ́ ọnà.

Aṣáájú báwo?

"Sà, kí ló wà lọ́kàn yín tẹ́ ẹ fi dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀?"

"Wòlíì wọn ló ní n ò gbọdọ̀ ya ojú ẹni tó bá wà nínú ẹ̀mí. Ẹ̀mí sì sọ̀ kalẹ̀. Mo bá dorí ẹ̀ kodò."

"Kí ló dé tẹ́ ò pa á?"

"Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn? Tó o bá pa á, kó tó tàn padà, ìsìn á ti parí!"

Fúnláyọ̀, ìyàwó rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìbùkún, ẹ kúkú dákẹ́. Wọ́n ní ẹ gbọ́n, ẹ̀ ń jà pé ẹ ò gbọ́n."

Olúwadábírà ò rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dára, sà."

Ọ̀rọ̀ wá tún rú Ọlálérè lójú. Ta ló wá ya ẹsẹ̀ yìí? Wòlíì tó kọ̀ ni? Kámẹ́rà ni? Àbí Ẹ̀mí fúnra rẹ̀? Lára ògiri, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ń walẹ̀ bí ẹni ń wá ohun tó sọnù. Ó dára. Ọlọ́run ló mọ̀, ó dára. Ohun tó sì ń dùn ún jù nìyẹn. Kò sí ìyàwó kankan, nínú gbogbo àwọn tó ti ṣe làálàá lé lórí, tó dára tó o.

Àlejò máa tó dé. Olúwadábírà mú páálí funfun kan wá, èyí tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán.

"Orúkọ yín ló kù, sà. Tẹ́ ò bá fọwọ́ sí i, a máa pa fídíò náà, ẹ máa gba kásẹ́ẹ̀tì yín."

Tó bá kọ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí pé ó gbé kámẹ́rà rí. Tó bá gbà, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n títí ayé.

Fúnláyọ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bàbá Ìbùkún, wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Ẹ kọ ọ́. Ọlálérè. Kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ó ń ya ìgbéyàwó, ní Addo."

"Ìgbéyàwó? Sà, kò sí ìyàwó níbẹ̀ o. Ó máa rú àwọn èèyàn lójú."

"Kó rú wọn lójú," ni Ọlálérè wí. "Ṣé èmi nìkan ló yẹ kó rú lójú ni?"