Yàrá Ẹni Méjì ní Ọgbà Àjàrà

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Obìnrin ni, nọ́ọ̀sì sì ni. Nígbà tí ọdún ń lọ sópin ló pè mí lórí fóònù lásìkò ìsinmi ọ̀sán, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta aṣọ ibùsùn ní Vicarage Field, ọjà ńlá kan ní Barking nílùú òyìnbó.

Ó ní, “Mummy, ẹ gba ààyè níbi iṣẹ́ fún weekend kan nínú January. Èmi pẹ̀lú yín la jọ ń lọ sí Kent.”

“Kí la fẹ́ lọ ṣe ní Kent nínú òtútù?”

“Ibi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì ni. Hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà nínú ọgbà àjàrà níbẹ̀. Mo ti book ẹ̀.”

Ẹ̀rín pa mí. Ìjọ Aládùúrà ni mò ń lọ, n kò sì fi ọtí kan ẹnu láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ wọ sùtánà. Ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fipá fún mi ní wáìnì mu, pé ká ṣáà sinmi, ká jẹ oúnjẹ tí ẹlòmíràn sè, ká sì ráyè sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó fi parí rẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n gbà. Láti ìgbà tó ti kó kúrò lọ́dọ̀ mi ní Dagenham Village lọ sí fúláàtì tirẹ̀ ní Abbey, bọ́ọ̀sì kan péré ló wà láàárín wa, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá kí n tó fojú kàn án. Bí kò bá sí níbi iṣẹ́, á máa sùn. Bàbá rẹ̀ ti padà sí Nàìjíríà, ọjọ́ ti pẹ́, ó sì ti fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Àwa méjì la kù fún ara wa.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí a fẹ́ lọ, mo dé ibùdókọ̀ ojú irin Barking ní aago kan ọ̀sán, bí a ṣe ṣàdéhùn. Mo wọ kóòtù mi tó nípọn jù, mo fi síkáàfù wé orí, mo sì gbé báàgì kan tí mo kó aṣọ ìsùn tuntun méjì sí, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tirẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ogún ìṣẹ́jú kọjá kí fóònù mi tó dún.

“Mummy, ẹ má bínú. Wọn ò fi mí sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Somebody called in sick. Ẹ máa lọ, màá wá bá yín láàárọ̀ ọ̀la.”

“Ṣé kí n má kúkú dúró dè ọ́, ká jọ lọ lọ́la?”

“Rárá, ẹ lọ. Yàrá yẹn á ṣòfò. By eleven, mo ti dé.”

Ó yára sọ ọ́, bí ẹni tó ti há ọ̀rọ̀ sórí. Mo kíyè sí i, ṣùgbọ́n n kò rò ó jìnnà. Mo wọ ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí mo fi máa pààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin tán, tí táksì sì gbé mi láti ibùdókọ̀ kékeré kan dé hòtẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ilé oko àtijọ́ ni, wọ́n kàn tún un ṣe ni. Obìnrin tó ń gbàlejò wo ìwé rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, “Ẹni méjì ni mo ń retí.”

Mo ní, “Ọmọ mi ń bọ̀ lọ́la.”

Gbogbo nǹkan inú yàrá náà ló pé méjì-méjì: kọ́ọ̀bù méjì, táwẹ́ẹ̀lì méjì, àga méjì tó kọjú sí fèrèsé. Mo jókòó sórí ọ̀kan, mo gbé báàgì mi sórí èkejì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbọ́ ìwàásù nípa ọgbà àjàrà, ọgbà tútù yọ̀yọ̀ tí èso so jìngbìnnì ni mo sì máa ń rí lọ́kàn mi. Ohun tí mo rí láti ojú fèrèsé ni òpó àti wáyà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àti igi dúdú wíwọ́ tí kò ní ewé kan. Ó dà bí ibi tí iná ti jó kọjá. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan, n kò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Nígbà oúnjẹ alẹ́, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ bi mí bóyá kí àwọn dúró de ẹnì kejì mi. Mo ní ó di ọ̀la. Ó wá ń kó ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì àti ife iwájú àga kejì kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, kí wọ́n má baà dún. Ó ṣe é tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó fi wọ́n síbẹ̀. Ẹja àti ọ̀dùnkún ni mo jẹ. Tọkọtaya ló jókòó sí gbogbo tábìlì tó kù. Mo sáré jẹun bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níta.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibùdókọ̀ kékeré náà láti pàdé ọmọ mi. Yìnyín wẹ́wẹ́ ti bo orí koríko, gbogbo ilẹ̀ funfun. Nígbà tí ọkọ̀ aago mọ́kànlá dé, ọkùnrin kan pẹ̀lú ajá rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀. Mo ní bóyá ó pàdánù ọkọ̀ yẹn ni. Mo jókòó lábẹ́ ibòji, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóòtù. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ló sọ̀ nínú ọkọ̀ aago méjìlá. Ní ti ọkọ̀ aago kan, ilẹ̀kùn ṣí, ilẹ̀kùn padé, ẹnikẹ́ni kò sọ̀. Mo ti pe fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀, òun á pè mí.

Wọ́n ti fi orúkọ wa sílẹ̀ fún ìtọ́wò wáìnì ní aago méjì. Mo rò pé n kò ní lọ, ṣùgbọ́n kí ni mo tún fẹ́ ṣe? A tó mẹ́sàn-án nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n to àgbá ọtí sí. Ọkùnrin tó ń bu ọtí fún wa kò bínú nígbà tí mo ní n kì í mu ún. Ó wá omi èso àjàrà fún mi, ó sì ní kí n ṣáà máa gbóòórùn ti àwọn yòókù. Ó ní a ó gbọ́ òórùn ápù, a ó gbọ́ òórùn búrẹ́dì. Mo ti imú bọ ife. Òórùn ọsàn tí wọ́n gbàgbé sínú àpò ni mo gbọ́.

Obìnrin tó dúró tì mí bi mí pẹ̀lú ẹ̀rín pé, “Ṣé ọkọ yín ń sinmi ni?”

Mo ní, “Ọmọ mi ń bọ̀.”

Láti ọjọ́ Ẹtì, mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àìmọye ènìyàn. Ìgbà yẹn ni mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tó pè. Mo wà lórí àga ojú fèrèsé.

“Mummy.”

“Níbo lo wà?”

“Mo wà nílé. Mi ò sí níbi iṣẹ́ lánàá. Mo purọ́ fún yín.”

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

“Mo ti rí iṣẹ́ sí Canada. March ni mo ń lọ. Ìdí tí mo fi book ibẹ̀ nìyẹn, mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín níbi tó dáa, tó quiet. Mo múra lánàá, báàgì mi wà lọ́wọ́ mi. Mo dé station gan-an. Mo rí yín lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ dúró, ẹ gbé báàgì yín dání, ẹ ń wo gbogbo ẹni tó ń bọ̀. Mi ò lè rìn débẹ̀.”

Mo bi í pé, “Níbo lo dúró sí?”

“Lódìkejì títì, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ń dúró sí.”

“Ibẹ̀ lo ti pè mí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy.”

“O sì ń wò mí títí mo fi wọlé?”

Mo gbọ́ tó ń sunkún. Mo pa fóònù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Canada ló kọ́kọ́ dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ó dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kí n dúró dè é. N kò lọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo fi aṣọ ìsùn tirẹ̀ sílẹ̀ nínú báàgì, mo sì sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì ńlá náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbàdúrà ṣókí lórí ìdúró, torí n kì í pa ìsìn jẹ. Lẹ́yìn náà ni mo jáde lọ sínú ọgbà. Mo rí obìnrin òyìnbó kan tó jù mí lọ, ó dé fìlà méjì lé ara wọn, ó ń fi àlùmọ́gàjí ńlá gé ẹ̀ka àwọn àjàrà náà. Mo kí i. Mo bi í bóyá wọ́n ti kú ni.

Ó ní, “Rárá o. Oorun ni wọ́n ń sùn. Ìgbà òtútù yìí nìkan la lè gé wọn.”

Ó fi hàn mí: ó dá ẹ̀ka méjì sí, ó gé gbogbo ìyókù, ó fà wọ́n kúrò lára wáyà. Ó gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ kejì fún mi. Bàbá mi ní oko kòkó, ọwọ́ mi sì mọ iṣẹ́ igi, ṣùgbọ́n ó nira fún mi láti gé ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní igi kẹta, ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. N kò wá ìwàásù kankan nínú rẹ̀. Inú mi kàn dùn pé ọwọ́ mi rí nǹkan ṣe.

Ó bi mí pé, “Ṣé ẹ ní ọmọ nítòsí?”

“Ọ̀kan. Ó ń lọ sí Canada.” Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa fi ẹnu mi sọ ọ́ nìyẹn.

Ó mi orí. Ó ní, “Ọsirélíà ni tèmi wà,” ó sì bọ́ sí igi tó kàn.

Ìyá mi wá sí mi lọ́kàn. Aránṣọ ni wọ́n ní ìlú kékeré kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí mo fẹ́ wá sí ìlú yìí, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mo sọ fún wọn pé mò ń lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Èkó. Físà ti wà nínú àpò mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá di ọwọ́ mi mú, n kò ní lè lọ mọ́. Lẹ́tà tí mo fi sílẹ̀ lọ́wọ́ àǹtí mi ni wọ́n fi mọ̀. Nígbà tí mo rí wọn bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní oṣù kan lẹ́yìn náà, mo ti ń retí èébú. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, “Ṣé o jẹun kó o tó gbéra lọ́jọ́ yẹn?” Mo ní mo jẹun. Wọ́n ní ó dáa. Wọn kò sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí wọ́n fi kú. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé kò dùn wọ́n púpọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, tí mo di ẹ̀ka àjàrà mú, mo mọ̀ pé ó dùn wọ́n.

Nígbà tí mo padà dé Barking lọ́sàn-án, n kò wọ bọ́ọ̀sì Dagenham. Mo gba Abbey lọ. Ọmọ mi ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí kò ṣe láti kékeré.

Mo ní, “Dìde, òtútù ń wọlé.”

Mo jókòó, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un. Kò gbọ́ ọ rí. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti ń sọ fún un pé ìyá mi sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú, pé wọ́n gbàdúrà lé mi lórí níbẹ̀.

Ó wò mí títí. Ó ní, “So, ẹ̀yin náà sá.”

“Mo sá.”

“Ṣé wọ́n forí jì yín?”

“N kò mọ̀. N kò bi wọ́n.” Mo bọ́ kóòtù mi. “Ìyẹn ò ní kí n má bínú sí ọ o. Inú ń bí mi.”

“Mo mọ̀, Mummy.”

“Bó bá di ọjọ́ tó o máa lọ, ìṣojú mi lo máa ti lọ.”

Bó sì ṣe rí nìyẹn. Ní March, mo sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú, mo gbàdúrà lé e lórí láàárín èrò, ó sì tẹríba fún un láìtijú. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. N kò lè sọ pé inú mi dùn, irọ́ ni yóò jẹ́.

Ní báyìí, alaalẹ́ Sátidé ló máa ń pè mí, nígbà tí ọ̀sán bá ń lọ níbẹ̀. A ó béèrè àlàáfíà ara wa, a ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wa. Kò ní pa fóònù. Á gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, á máa ká aṣọ tó fọ̀. Èmi náà á jókòó sí kíṣìnì mi ní Dagenham, màá máa gbọ́ ọ bó ṣe ń gbọn wọ́n tó sì ń tò wọ́n, títí yóò fi sọ pé òun ti ṣe tán.